Àgùntàn Tí Kì í Kọ Ọmọ

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé ní gbogbo Daagbé, ìlú wa, kò sẹ́ni tó mọ àgùntàn sìn tó mi. Ọjọ́ tí mò ń relé ọkọ ni ìyá mi fún mi ní abo àgùntàn kan, funfun, etí kan dúdú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá mi kú, n kò sì lè wo ẹran yìí kí n má rántí rẹ̀. Àwọn àgùntàn mìíràn máa ń ta ọmọ ọlọ́mọ nípàá. Èyí kì í kọ ọmọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kú, tàbí tí ìyá rẹ̀ ò ní wàrà, abẹ́ rẹ̀ la máa ń gbé e sí. Inú mi a dùn bí ẹni pé èmi ni mò ń fọ́mọ lọ́mú.

Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni agbo ń rù. Wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ yó, síbẹ̀ egungun ìhà wọn ṣeé kà. Ọmọ tí wọ́n ń bí kéré. Iléyá dé lẹ́ẹ̀mejì, a ò rí àgbò kan tó ṣeé pa. Ìyá ọkọ mi ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà." Èmi ọlọ́gbọ́n rò pé ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, ló ń bá wí, mo sì yan obìnrin náà lódì. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Nígbà tí dókítà ẹran wá, ó fọwọ́ kan ọmú àgùntàn ìyá mi. Ó le koko. Ó gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo agbo lọ, ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fi Faransé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Bọ̀n, màmá, kòkòrò àìfojúrí ló wà lára gbogbo wọn. Kò lóògùn. Kì í yára pa ẹran, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ wọ́n. Inú wàrà ló ń gbà dé ara ọmọ."

Wàrà tí mo fi ń yangàn.

"Ṣé kí n tà á ni?"

"Ẹ má tà á fẹ́ni tó ń sin ẹran o. Ó ti lóyún. Bó bá bí, ẹ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò kó tó fẹnu kan ọmú."

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ló bí. Mo gbé ọmọ náà kúrò kí ìyá tó lá ara rẹ̀ gbẹ. Wàrà màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí Fúlàní aládùúgbò wa fún wa, ni mo fi ìgò fún un mu. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi ń ké lẹ́yìn ògiri, tí ọmọ ń dá a lóhùn. Mo jókòó láàárín àwọn méjèèjì, mo sunkún bí ọjọ́ tí ìyá mi kú.

A pa àwọn yòókù jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgùntàn ìyá mi nìkan ni n kò lè pa. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, èmi ni mò ń já ewé ìyeyè fún un, títí ó fi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Agbo mi ti kún lónìí. Àgbò Iléyá wa sanra, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fún ní ẹran. Àtọmọdọ́mọ abo ọmọ tó mu ìgò yẹn ni gbogbo wọn, púpọ̀ nínú wọn sì ní etí kan dúdú. Bí mo bá rí àwọn ọmọ tí wọ́n rọ́ sábẹ́ ìyá wọn, tí wọ́n ń mu, mo máa ń rántí àgùntàn ìyá mi, pé ọmọ ọlọ́mọ ló fún lọ́mú títí, tirẹ̀ tó bí kẹ́yìn ni mi ò jẹ́ kó fún.