Mọ̀rìwò Tí Wọ́n Dà sí Ẹ̀yìn Ilé Ìsìn

Bàbá mi kì í ṣe abọ̀rìṣà. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé ẹni tó bá ń ka ìwé yìí, nítorí orí àga ìwàásù ni wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀, tí èmi àti ìyá mi jókòó tí à ń gbọ́, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí Ìtapàjí.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ilé Ògún ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ṣe ìrìbọmi, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta, inú iyàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló sùn fún oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, òun ló ń bẹ́ mọ̀rìwò lóko, tó ń ya á wẹ́wẹ́, tó ń ta á sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Ó máa ń sọ fún wa pé ní ilé àwọn, ibi tí mọ̀rìwò bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ bó ṣe wù ú, nítorí ohun ọ̀wọ̀ ń bẹ níbẹ̀. "Mo gbà á lọ́wọ́ Ògún, mo gbé e fún Ẹni tó ni ín." Ìtumọ̀ Kérésìmesì lọ́dọ̀ tirẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò tíì rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, tí gbogbo wa wà nílé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ ní kí n wá sọ ibi tí àwọn àṣà Kérésìmesì ti wá. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kà, ara sì ń yá mi láti fi hàn. Ohun mẹ́ta ni mo sọ. Mo ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá kò sí nínú Bíbélì, pé àwọn ará Róòmù ti ń bọ òòrùn ní àsìkò náà. Mo ní àwọn òyìnbó ti ń kó ewé tútù wọlé nígbà òtútù kí ìhìn rere tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní mọ̀rìwò tiwa náà, ti Ògún ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ń lọ ni pé ìgbàgbọ́ máa ń fọ ohun tó bá nílẹ̀, a sì fi í sin Ọlọ́run. Àlùfáà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ibòmíràn jókòó níwájú, ó ń kọ̀wé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ló mú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Kérésìmesì, ó ní ẹni tó bá ń gbé mọ̀rìwò wá sílé Ọlọ́run, Ògún ló ń bọ. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi lọ́jọ́ náà, kò wá. Ó yẹ kí n délé kí n sọ fún un. N kò sọ.

Bó ṣe ru mọ̀rìwò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn nìyẹn, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìsìn dúró sí ojú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé. Àlùfáà ní ká má gbà á."

"Ṣé ó ti gbẹ ni?"

"Kò gbẹ, sà. Wọ́n ní ti Ògún ni."

Bàbá mi yọjú wo inú. Igi Kérésìmesì oníke tí wọ́n rà ní Ìkọ̀lé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, òwú funfun lára rẹ̀ káàkiri.

"Èyí ńkọ́? Ta ló ṣá a lọ́gbẹ́ tí ẹ fi di òwú fún un?"

"Yìnyín ni, sà."

"Yìnyín. Nínú ọyẹ́ yìí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣebí èmi ni mo gbé ọ lọ ṣèrìbọmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

Ó gba ẹrù náà lórí bàbá mi, ó dà á sí ẹ̀yìn ilé ìsìn, lẹ́bàá ṣáláńgá. A kò tíì yí padà tí ewúrẹ́ ti débẹ̀.

Lọ́nà, bàbá mi dúró. "Àwọn ará ulé bàbá mi lé mi nítorí Jésù. Ulé ta ni Jésù wá ń lé mi lọ?" Nígbà tó yá, ó ní, "Àlejò ni ọkùnrin yẹn. Ta ló sọ fún un pé ti Ògún ni?"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

Kò lọ ìsìn Kérésìmesì. Kò wọ ilé ìsìn náà mọ́ títí a fi gbé pósí rẹ̀ wọ̀ ọ́ lásìkò òjò, tí àlùfáà kan náà dúró lé e lórí, tó pè é ní òpó ìjọ.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì yẹn, mo kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù, ojú ewé mẹ́rin. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìwàásù náà bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo kọ ọkùnrin ẹnu ọ̀nà, mo kọ ṣáláńgá, mo kọ igi oníke. N kò kọ ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ. Bàbá mi ní kí n kà á sí òun létí kí n tó fi ránṣẹ́. Mo kà á tán. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"O kọ ọ́ dáadáa," ló wí. "O ò fo ẹnì kankan."