Ẹ̀rí Tí Ọmọ́wùnmí Jẹ́ Ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Láti ìgbà tí Ọmọ́wùnmí Ọdẹ́tọ́lá ti ti ọsibítù dé, kò lè jókòó síbì kan kó pẹ́. Bó bá jókòó ní pálọ̀, iná gílóòbù á máa gún un lójú. Yóò dìde, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í lu inú orí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán ọdún ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n bí i sí. Yóò gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ láti ọ̀nà Ìgàndó, òórùn ààtàn á lé e wọlé padà.

"Ìyá Dárà," Gideon ọkọ rẹ̀ bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ìwọ àti àga yìí, èwo ló ń gbé èwo kiri?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti rẹ́ńtì ilé. Àwo ló ń fọ̀ lọ́jọ́ tí orí fífọ́ kan dé, èyí tí kò jọ orí fífọ́ tó mọ̀ rí, bí ẹni pé ààrá sán sínú agbárí rẹ̀. Ọsibítù ìjọba ní Ìgàndó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, àwọn ìyẹn ló sì tètè ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan ní ìgboro. Fọ́tò tí wọ́n ya níbẹ̀ fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ti wú bíi bàlúùnù, ó sì ti ń jò. Wọn kò la orí rẹ̀. Iṣan itan ni wọ́n gbà, wọ́n ti okùn tín-ín-rín kan gòkè títí ó fi dé ọpọlọ, wọ́n sì fi wáyà wẹ́wẹ́ dí ibi tó wú náà pa. Nígbà tó padà sílé, irun rẹ̀ pé, kò sí àpá kan lórí rẹ̀.

Àìsí àpá yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ dá, ayé rí igi tí wọ́n fi dì í, wọ́n á ní kó rọra. Ta ló rí ọ̀rọ̀ tó ń yọ́ bọ́ lẹ́nu ènìyàn? Ta ló rí àárẹ̀ tí ń dá ni dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti wẹ̀, bí ẹni pé oko la ti ń bọ̀? Dókítà ti sọ fún un pé irú nǹkan báwọ̀nyí lè pẹ́ lára. Ó ní kó ní sùúrù, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jẹ lọ́jọ́ kan.

Nínú ìjọ wọn, ẹni tí Ọlọ́run bá gbé dìde kì í dákẹ́. Yóò bọ́ síwájú, yóò jẹ́rìí, àwọn ènìyàn á sì bá a jó. Ohun tí Ọmọ́wùnmí gbèrò láti sọ kò ju pé òun dúpẹ́, ara ti ń mókun. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ́ ni Màmá Báyọ̀dé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, gbé ohùn sókè láti ìjókòó iwájú.

"Ṣé pátápátá ni, àbí díẹ̀díẹ̀?"

Ta ni yóò dúró níwájú pẹpẹ kó dáhùn pé díẹ̀díẹ̀?

"Pátápátá!" ni Ọmọ́wùnmí wí.

"Halelúyà! Oògùn wọn ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù!"

Ilé Ọlọ́run mì tìtì. Wọ́n fò, wọ́n fi áńkáṣífù lu afẹ́fẹ́, wọ́n gbé orin. Òun náà jó. Oògùn tó ní òun ti dà nù sì nìyí, tíì ló fi gbé e mì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ẹlẹ́wọ̀n ẹnu ara rẹ̀. Bó bá fi ọwọ́ kan iwájú orí lásán níbi ìpàdé, ẹnìkan á ti pariwo mọ́ ọn: "Má gbà á o! Ìwọ tó o ti jẹ́rìí?" Gideon, tó mọ gbogbo rẹ̀, kàn ní, "Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, jàre. Máa lo oògùn ẹ, kó o sì máa rẹ́rìn-ín." Ó ń lo oògùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbé àga kiri.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ara rẹ̀ tó gbà á. Ìró àwọn ọmọ tó ń kígbe ka ìṣirò pa á lórí tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ ọ́ di òfin pé kíkà inú ni kí wọ́n máa kà. Mardiyah, olùkọ́ kíláàsì kejì, tí pákó lásán pààlà yàrá tiẹ̀ àti ti Ọmọ́wùnmí, yọjú sí i lákòókò ìsinmi.

"Ìyá Dárà, kíláàsì yín dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí kí ìmáàmù tó dé. Kí lẹ fún wọn jẹ?"

"Wọ́n ń kàwé ni. Bá mi mú… bá mi mú…" Ó nawọ́ sí orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́yìn eyín rẹ̀, ó kọ̀, kò jáde. "Ìyẹn. Funfun yẹn."

Mardiyah fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ò tíì gbádùn, Ìyá Dárà. Ta lẹ̀ ń fi í pamọ́ fún?"

"Mo gbádùn," Ọmọ́wùnmí dá a lóhùn kíákíá, ó sì jáde lọ rìn yí pápá ká nínú oòrùn tí dókítà ní kó yẹra fún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni Màmá Báyọ̀dé wá fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ọmọ ìjọ wọn kan tó ń gbé ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Pleasure, ni wọ́n ń lọ kí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí ọpọlọ Ọmọ́wùnmí ni wọ́n ṣe fún òun náà. "Ìwọ ni kó o bá a sọ̀rọ̀," Màmá Báyọ̀dé ní. "Ẹni tí iná ti jó rí ló mọ bí wọ́n ti ń pa á."

Wọ́n bá ọkùnrin náà nínú yàrá tí wọ́n fa kọ́tìnì rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ó fi táwẹ́lì bo ojú. Hope ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún wọn. Màmá Báyọ̀dé kò jókòó. Orin ló fi kí ilé, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ọmọ́wùnmí rí i pé gbogbo ìgbà tí àtẹ́wọ́ bá ró ni èjìká Ṣóbọ̀wálé ń sún kì. Tirẹ̀ náà ń sún kì.

Nígbà tí orin tán, ọkùnrin náà ká táwẹ́lì kúrò díẹ̀.

"Àbúrò, orí fífọ́ yìí, ìgbà wo ló fi ẹ́ sílẹ̀?"

Màmá Báyọ̀dé ló gbà á dáhùn. "Ọjọ́ tó ti da oògùn nù ni!"

"Ohun tí ọkọ mi náà sọ nìyẹn," Hope wí, ó kọjú sí Ọmọ́wùnmí. "Ẹnìkan fi fídíò ẹ̀rí yín ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Látìjẹta ni wọn ò ti fọwọ́ kan oògùn. Mo bẹ̀ títí, abeg, wọ́n ní ẹ̀rí Ìyá Dárà ti tó àwọn. Orí yẹn sì ń le sí i ni."

Ọmọ́wùnmí dìde. Ó dé ojú fèrèsé, ó padà, ó tún dé ibẹ̀. Ó ro Gideon tó ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ó ro bí ìjọ ṣe jó. Màmá Báyọ̀dé ń fi ojú bá a sọ̀rọ̀ pé kó sọ ọ́, kó tún un sọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "irọ́ ni mo pa."

Ṣóbọ̀wálé ká táwẹ́lì náà kúrò lójú pátápátá.

"Mi ò da oògùn kankan nù. Mo lò ó láàárọ̀ yìí kí n tó wá. Orí ń fọ́ mi bí mo ṣe dúró yìí. Àtẹ́wọ́ yẹn, bí ẹni ń fi òòlù kàn mí lórí ni. Hope, pe dókítà wọn báyìí. Má jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ìyá Dárà!" Màmá Báyọ̀dé di àyà mú. "Níwájú aláìsàn?"

"Èmi náà aláìsàn ni, mà."

Hope ti gbé fóònù sétí. Ṣóbọ̀wálé ń wo Ọmọ́wùnmí bí ẹni rí ará ilé ní àjò. "Lánàá ni mo fẹ́ pe Fẹ́kọ́mi ọmọ mi," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo pè é ní bàtà. Mo rò pé mo ti ń ya wèrè ni."

"Ẹ ò ya wèrè. Mo ti bu iyọ̀ sínú tíì Bàbá Dárà rí, mo sì ní kó mu ún, ṣúgà ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró lójijì nítorí pé ẹ̀rín náà dùn ún lórí. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì gbàgbé oògùn sílé. Ọmọ́wùnmí bá Hope di ẹrù rẹ̀, ó dúró títí ọkọ̀ fi gbé wọn lọ.

Bí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn padà ti ń sún mọ́ Ìdímù, Màmá Báyọ̀dé kọjú sí i.

"Ta ni yóò sọ fún fíkà ìjọ wa?"

"Èmi ni, mà."

"Kí wọ́n lè máa fi ìjọ wa ṣe yẹ̀yẹ́, àbí? Wọ́n á ní a kì í jẹ́rìí òdodo."

"Fídíò yẹn ṣì ń lọ káàkiri, mà. Mi ò mọ ilé tó tún wọ̀."

Màmá Báyọ̀dé ṣẹ́jú. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, fíkà pe Ọmọ́wùnmí síwájú. Ó ti sọ ohun tó fẹ́ sọ fún un nínú yàrá ẹ̀yìn, ìyẹn sì ti mi orí sí i pé kó lọ sọ ọ́. Gideon wà ní ìjókòó kẹta, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ti rí i ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sì yí ohùn gbohùngbohùn sókè bó ti máa ń ṣe fún àwọn ajẹ́rìí. Ẹ̀rọ náà han fíìn.

Ọmọ́wùnmí di etí rẹ̀ kan mú níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ bá mi yí i sílẹ̀. Ariwo rẹ̀ ń pa mí lórí."