Ọjọ́ Tí Bàbá Alága Gbé Obì fún Àlejò

Òórùn ewé tí a fi ń bo obì ni ó máa ń wá sí mi nímú bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òṣèlú. Láyé àwọn òyìnbó, nígbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré ní Ọ̀tà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ni a ti ń ṣe ìpàdé, apẹ̀rẹ̀ obì sì kún ibẹ̀ dé àjà, nítorí oníṣòwò obì ni Bàbá Alága. Àkọ́bí rẹ̀ ni ó ń fi lọ́rì kó o lọ sí stéṣàn Ìjokò, kí rélùwéè tó gbé e lọ sí Òkè Ọya. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, mo sì gbà tọkàntọkàn pé bí kì í bá ṣe tèmi, ẹgbẹ́ náà kò ní lè mí.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àṣà kan, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ni ó ni ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tiwa nìkan ni. Lọ́jọ́ tí a dá a sílẹ̀, agboolé méjì ni ó ń du ipò olórí, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ di ìjà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, wọn kò sì fọkàn tán ohun tí a bá kọ. Àwọn àgbà wá pinnu pé ẹni tí gbogbo ilé bá gbé obì àbàtà lé lọ́wọ́ kí ó pa á, òun ni alága. Òun nìkan ni yóò sì máa pa obì ìpàdé, títí ọjọ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbé e fún Bàbá. Kódà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, a gbé obì náà lọ bá a lórí ẹní.

Nígbà tí ìdìbò ń súnmọ́ etílé, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn rán aṣojú kan sí wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí ó máa ń nu ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ti bọ ènìyàn lọ́wọ́ tán. Ó mú lọ́yà kan tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí dání láti Èkó. Ọmọ Ọ̀tà ni lọ́yà yìí, ṣùgbọ́n Èkó ni ó dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ tí ó ti kú ni ó mú Bàbá Alága wọ òwò obì, nígbà tí kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó wọlé tọ Bàbá wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe lọ́yà lójú tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó padà wá. Bí wọ́n ṣe gbé àwo obì ìpàdé dé iwájú Bàbá, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọ náà.

“Ẹ gbà,” ó ní. “Ojú bàbá yín ni mò ń wò yìí. Èmi kọ́ ni n ó pa obì níwájú wọn.”

Lọ́yà kò mọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á, ó ṣàdúrà. Ìyá ẹgbẹ́, ẹni tí í ṣe olórí àwọn obìnrin wa, fi ọwọ́ bo ẹnu. Kí ẹnikẹ́ni tó mú awẹ́ tirẹ̀, aṣojú Ìbàdàn ti wà ní ìdúró.

“Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ ti rí i fúnra yín. Àṣà yín ni, kì í ṣe tiwa. Bàbá ti gbé ẹgbẹ́ fún alága tuntun.”

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fi àṣà wa han ọkùnrin náà, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Mo wo Bàbá pé yóò sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, ó wo ojú ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ó sì pa á dé. Ta ni yóò fún ọmọ ẹni tí ó ṣe é lóore ní nǹkan, tí yóò tún já a gbà níwájú àwùjọ?

Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní Bàbá gbé e sílẹ̀, àwọn kan ní àlejò ni ó ṣe. Bí àwọn ènìyàn lọ́yà bá ń kọjá níwájú ilé Bàbá, wọn a ní, “Ẹ kú ìsinmi o, alága àná.” Àwọn ti Bàbá a dáhùn pé ẹni tó jí obì pa, inú ni yóò run ún. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ sì ti fi àdá há àjà, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí ń pọ́n àdá kò ṣófo láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ní kíláàsì mi. Èmi rò pé ìnáwó ilé ìwé ni, tàbí ọ̀lẹ. Mo kó àwọn òbí jọ, mo sì fi ohùn ńlá sọ àǹfààní ẹ̀kọ́ fún wọn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ń ṣeré lójú iná. Ìyá ẹgbẹ́ ni ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Tíṣà, gbogbo ọmọ ìlú kì í ya ọ̀lẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyá wọn ti ń kó wọn lọ sí Ìjù. Ìpàdé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń sá fún.”

Ìgbà náà ni ojú mi là. Àwọn àgbà ti fẹnu kò pé ní ìpàdé náà, a ó bi Bàbá ní gbangba bóyá ó gbé ipò sílẹ̀ tàbí kò gbé e sílẹ̀. Bí ó bá ní òun kò gbé e sílẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gba èrò, a jókòó sí ojúde. Àkọ́bí Bàbá ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú lọ́rì rẹ̀. Ó ta tapólì bo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí à ń kó obì. Ní òdìkejì, àwọn ènìyàn lọ́yà wọ agbádá nínú oòrùn gangan, wọn kò sì ká a sí èjìká. Akódà méjì tí ìjọba rán wá dúró sábẹ́ igi lọ́nà jíjìn, wọ́n ń wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá. Ìyá ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kí ó béèrè. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbà wá. Obì ọjọ́sí, ṣé ẹ gbé e fún wọn ni, àbí ẹ fi ṣe wọ́n lálejò?”

Bàbá kò wo lọ́yà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì wo tapólì.

“Mo gbé e fún wọn. Ojú mi là, ọkàn mi sì balẹ̀.”

“Bàbá, ẹ ò gbé e fún wọn,” ni àkọ́bí rẹ̀ wí.

“Ìjokò ni ìwọ wà lọ́jọ́ náà. Kí lo rí? Wa ọkọ̀ rẹ lọ sílé.”

Ọmọ náà wọ ọkọ̀, ó sì wà á lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ òwe tí ó sọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà náà bí ọjà bá tú. Ẹnikẹ́ni kò yà kí Bàbá mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pè é ní ojo, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò sì dúpẹ́. Ó kú kí òmìnira tó dé.

Lọ́yà lo ipò náà títí aṣojú mìíràn fi mú ẹlòmíràn wá láti Ìbàdàn. Nígbà tí lọ́yà fẹ́ janpata, wọ́n bi í bóyá ìdìbò ni ó fi dé ibẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ń lọ, ẹgbẹ́ ń pa orúkọ dà, òyìnbó lọ, ṣọ́jà dé, ṣọ́jà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń gbà jẹ alága kò yí padà.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, tí ó ti di ènìyàn pàtàkì nínú ẹgbẹ́ wọn ní Sango, wá kí mi nílé. Ó ń fi yangàn pé àwọn kì í dìbò yan alága ní tiwọn, pé gbígbé ni wọ́n ń gbé e fúnni, bí Bàbá ìgbà ìwáṣẹ̀ ti gbé e fún lọ́yà tayọ̀tayọ̀. Mo ní kí ó jókòó. Mo tún un ṣe fún un bí mo ti ń ṣe ní kíláàsì, láti orí obì dé orí tapólì. Ó gbọ́ ọ dópin, ó sì dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá Tíṣà, mo gbà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ ọ́ níta. A ní àlejò kan tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé.”

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí ó mú wá kò wọlé. Wọ́n dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì mi. Mo sìn ín dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kí wọn, wọ́n sì kí mi dáadáa. N kò bi í léèrè ohun tí àlejò náà ń bọ̀ wá gbà.