Irọ́ Tí Mo Pa fún Tíṣà

Òórùn kànfọ̀ ni fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣewọlé yunifásítì mi ń rùn. Àárọ̀ Sátidé ni, ọyẹ́ ti mú, èéfín ààtàn Ìgàndó ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìdímù, ìyá mi sì ti ti fèrèsé pa. Ó fa àpótí onírin tó máa ń kó sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì wa sí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sáàárín sùtánà méjì níbi tí kànfọ̀ pọ̀ sí, ó ti àpótí, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú kọ́mú. "Kò sẹ́ni tó rí i o," ló wí. Èmi àti òun nìkan la wà nínú yàrá, mi ò mọ ẹni tó ń sọ fún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣe ìdánwò yẹn kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹ ó rántí bí fọ́ọ̀mù náà ṣe rí: bébà líle, àwọn ojú kéékèèké tí a ó fi pẹ́ńsùlù kùn dúdú, orúkọ yunifásítì tí a fẹ́, ohun tí a fẹ́ lọ kà níbẹ̀, àti ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí a ó fi ṣe ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ẹni tó bá kùnà, ó di àmọ́dún, àmọ́dún sì jìnnà lójú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé tí a gbé, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì wà láàárín. Ẹni tó bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, yàrá ìkẹwàá ni wọ́n ti ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, tó bá di ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, gbogbo ilé á dákẹ́. Àwa mẹ́rin la fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù àti èyí tó wà lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní ọmọ àwọn fẹ́ ka ìmọ̀ èdè, kí ẹ yáa mọ̀ pé dókítà ló fẹ́ di. A ò kà á sí irọ́. Ààbò ni.

Ìyá mi ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ pé lẹ́tà iṣẹ́ òun ń bọ̀, ó sì sọ fún gbogbo ará ilé. Lẹ́tà dé, ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, kò sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín títí dòní. Iṣẹ́ bíríkìlà ni àbúrò ìyá mi ṣe kú. Nítorí náà, tí ìyá mi bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì béèrè ohun tí mo fẹ́ kà, á ní, "A ò tíì mọ̀ o, Ọlọ́run ló mọ̀." Fámásì ni mo fẹ́ kà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ̀.

Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, kò fara mọ́ gbogbo ìfipamọ́ yìí. Á ní, "Abèèrè kì í ṣìnà." Ìyá mi á dá a lóhùn pé, "Ta lẹ fẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀? Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á sì wọ bàtà rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èmi, ìyá mi ni mo gbà gbọ́.

Aláǹgbá tí ìyá mi ń ṣọ́ jù nílé wa ni Bàbá Bísí. Tíṣà ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é. Ó ń kọ́ni ní Mátíìsì nílé ìwé gírámà kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa gan-an. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í tú bọ́tìnnì ọrùn kódà nínú ooru, á sì máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, á máa máàkì ìwé. Ó ní ìwé ńlá kan tó fi bébà ìròyìn bò léèpo, tí wọ́n kọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, á ṣí i fún un. Kò gba kọ́bọ̀.

Bísí ọmọ rẹ̀ àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan náà ni. Fámásì lòun náà fẹ́ kà, ní yunifásítì kan náà tí mo fẹ́. Kò fi pa mọ́ rárá, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Èyí ló da ìyá mi láàmú jù. "Ẹni tó ń tú ti ẹ̀ síta báyẹn, ìjẹ ló fi ń dẹ èèyàn," ló ń wí. Tíṣà ń kọ́ èmi àti Bísí ní Mátíìsì pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá mi á sì gbé aṣọ tó ń gbá létí wá sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣọ́ ẹnu Tíṣà. Tí a bá parí, á ní kí n lọ wo ìwé ilé ìwé mi bóyá ohun tí ọkùnrin náà sọ wà níbẹ̀. Ó máa ń wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni Físíìsì. Tíṣà Físíìsì ilé ìwé wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá okòwò lọ, wọn ò sì rí ẹlòmíì fún ọdún kan gbáko. Bísí ní bàbá tó mọ̀ ọ́n, ó ń kọ́ ọ nínú yàrá. Èmi ò lè ní kó kọ́ mi mọ́ ọn, torí ẹni tó bá ń wá Físíìsì kiri ti ń fi ọ̀nà tó ń lọ hàn. Mo ti kùn ún sórí fọ́ọ̀mù ṣá, pẹ̀lú Kẹ́místírì, Báyólójì àti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń gbàdúrà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ìyá mi lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún oníbàárà kan ní Ìkòtún. Mo ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Tíṣà bi mí pé, "Ṣadé, kí lo kọ sórí fọ́ọ̀mù ẹ gan-an? Ọjọ́ ń lọ o."

Ohun tí wọ́n kọ́ mi láti sọ ni pé a ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó ti ń kọ́ mi láti ọdún méjì. Mo ní, "Àgíríkì ni, sà."

Inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí mi ò retí. Bàbá tirẹ̀ ní oko kòkó. Ó wọlé lọ gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde, ó ṣí i, ó fi ìka sórí ìlà kan, ó sì ní kí n fojú ara mi kà á. "Bó bá jẹ́ Àgíríkì ni, fi Físíìsì sílẹ̀ jàre. Ṣó o rí i? Wọ́n ń gba Mátíìsì dípò ẹ̀. Mátíìsì ẹ sì dáa ju ti Bísí lọ, àbí irọ́ ni?"

Mo kà á. Bó ṣe wí náà ni wọ́n kọ ọ́. Ìlà ti fámásì wà ní ojú ìwé mìíràn, mi ò sì lè ní kó ṣí i, torí tó bá ṣí i, irọ́ mi tú nìyẹn. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ tí ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi, èrò burúkú kan wọ̀ mí lọ́kàn. Mo rò pé Tíṣà ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Mo rò pé àṣírí yìí, pé Mátíìsì lè rọ́pò Físíìsì, wà fún gbogbo iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, pé ó fi pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ du àyè, ó wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ torí ó rò pé àgbẹ̀ ni mo fẹ́ dà. Ẹ wo ọgbọ́n ọmọdé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé mo ti jí nǹkan rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí ìyá mi ṣí àpótí. Mo fi ìrésà pa Físíìsì rẹ́, mo kun Mátíìsì. Ìyá mi, tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, dúró tì mí. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màámi. Tíṣà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kò mọ̀ pé ó máa wúlò fún mi."

Èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin náà kò mọ̀ yẹn ló tù ú nínú. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà bàbá mi lọ fi sílẹ̀ ní Ìkẹjà.

Nígbà tí èsì dé, máàkì mi fi mọ́kàndínlógún ju ti Bísí lọ. Ìyá mi jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká. Kò fi han ẹnikẹ́ni, a kàn ń jó nínú yàrá tí a ti tì ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èmi àti bàbá mi lọ wo orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pátákó ní yunifásítì. Mo rí orúkọ Bísí. Mo wá tèmi lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bàbá mi ló lọ béèrè lójú fèrèsé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ìwé kan, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kò ṣe Físíìsì. Fámásì ò gba ẹni tí kò ṣe Físíìsì."

Nígbà tí a délé, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ìyá mi. Ìyá mi ò dúró kó gbọ́ parí, ó ní ọkùnrin yẹn ti mọ̀ látilẹ̀ ni, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Tíṣà ti ń máàkì ìwé, àwọn ará ilé sì ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Bísí, ẹ ṣeun o. Ẹ gba Físíìsì lọ́wọ́ ọmọ mi, ẹ gbé e fún tiyín. Ọlọ́run rí yín."

Tíṣà fi bírò sílẹ̀. Kò pariwo. "Ìyá Ṣadé, Àgíríkì ló sọ fún mi pé òun fẹ́ kà. Ẹ bi í."

Ìyá mi yíjú sí mi. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Bísí náà wà níbẹ̀, ó di ẹnu ọ̀nà wọn mú. "Ṣadé, ṣé o sọ fún un pé Àgíríkì ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Rárá, Màámi. Mi ò sọ nǹkan kan fún un."

Tíṣà wò mí. Mo retí kó bínú, kò bínú, ó kàn ń wò mí bó ṣe máa ń wo ìṣirò tí mo bá ṣì ṣe, bíi pé ó ń wá ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi náà ń wò mí. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mi ò gbọ́ òwe abèèrè yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó dé ọjà Ìdímù. Àwọn òbí tó ń rán ọmọ wá síbi bẹ́ǹṣì yẹn dẹ́kun rírán wọn. Bí Tíṣà bá kí èèyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdáhùn á kúrú. Kí ọdún tó parí, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sápá Abúlé Ẹ̀gbá. Bísí ò wò mí lójú lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù. Mo bá wọn gbé àga kan dé ẹnu ọ̀nà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà wọlé, ó sì tún fúnra rẹ̀ gbé e jáde.

Mo kọ́ Físíìsì nílé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìkòtún, mo tún ìdánwò ṣe lọ́dún kejì, wọ́n sì gbà mí. Ọdún kan péré ni mo pàdánù. Orúkọ ni Tíṣà pàdánù, mi ò sì mọ̀ bóyá ó rí i gbà padà ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Mo ní ilé ìtajà oògùn ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Àwọn òbí máa ń fa ọmọ wọn wá síwájú káńtà mi, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ó fẹ́ wọ yunifásítì." Mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé, kó tó béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó sọ ohun tó fẹ́ gan-an fún onítọ̀hún, torí ìmọ̀ràn tó dára jù kò wúlò fún ẹni tó parọ́ ibi tó ń lọ. Wọ́n máa ń mi orí. Wọ́n á ní Àǹtí gbọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti kọjá ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, a jọ ń jẹun nílé mi. Ìyá mi ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé Tíṣà. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé lọ́dún yìí, ni ìyá mi bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún un, bí ọkùnrin tó mọ̀wé kan ṣe fi inú rere bojú, tó sì pa ọdún kan run mọ́ màmá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ mi fi ṣíbí sílẹ̀. Ọmọ tó máa ń wádìí nǹkan ni.

"Mọ́mì, ṣùgbọ́n ṣé ọkùnrin yẹn mọ̀ pé fámásì lẹ fẹ́ kà?"

Ìyá mi dúró dè mí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò lè nà mí mọ́. Kò sí ará ilé kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹ̀rù ń bà á, mo sì ti ń wá bí mo ṣe máa dárí jì í láti ọjọ́ yìí wá. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì yìí, nílé ara rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lára ògiri, mi ò mọ ohun tí màá sọ nípa tirẹ̀.

"Ó mọ̀," ni mo wí. Mo ní kó jẹun, kí oúnjẹ má tutù.