Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Mi Gbà ní Ìfọ́n

Òórùn ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n jù ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé yẹn. Inú àpò ọ̀rá dúdú ló wà, òun àti ọsàn mẹ́rin àti òdòdó pupa tí mo já lára ọgbà ilé ìwé wa, èmi ni mo sì gbé e lé itan lórí ọ̀kadà láti Ìlobù dé Ìfọ́n. Aṣọ ìnujú funfun tuntun ni ìyá mi fi bò ó lórí. Télọ̀ ni wọ́n, ìdí máṣíìnì ara wọn ni wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀. Kí a tó jáde, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi: "Múlíkà, má bá ẹnikẹ́ni dúró kí lọ́nà o. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo gbé, ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo sì ti gbọ́n tó láti mọ irú ẹrù tí wọ́n ń gbé láìkí ènìyàn. Ẹni tó bá gbé ẹbọ kì í kí ènìyàn, kì í sì í wẹ̀yìn. Mùsùlùmí ni gbogbo wa ní agboolé, ẹbọ ò wọ ibẹ̀ rí lójú mi, síbẹ̀ kò sí ọmọ tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Irú aṣọ funfun yẹn náà ni wọ́n sì fi wé òkú bàbá mi lọ́dún tó ṣáájú. Lójú mi, ìyá mi ló kàn.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ìyá mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Àyà wọn a máa já lójijì nídìí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ a sì gún wọn lọ́wọ́. Dókítà kan ní Òṣogbo ní kí wọ́n dín ìrònú kù, àfi bí ẹni pé ìrònú jẹ́ iyọ̀ tí wọ́n ń bù sọ́bẹ̀. Oníbàárà wọn kan, Anti Bọ́láńlé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti pẹ́ lókè òkun, ló ní kí wọ́n wá sí kíláàsì òun ní Ìfọ́n. Filọ́sọ́fì ni wọ́n ń kọ́ ní pálọ̀ Anti láràárọ̀ Sátidé, àwọn bíi mẹ́jọ, tíṣà ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Anti a máa sọ pé, "Filọ́sọ́fì tiwa kì í ṣe ti inú ìwé o. Ti ìdí iṣẹ́ ni, ti ìdí ààrò ni." Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá le, kí ènìyàn dúró díẹ̀, kó bi ara rẹ̀ pé: "Kí ni ọlọ́gbọ́n ì bá ṣe níbí?" Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn púpọ̀, nítorí ibi tí ìyá mi bá ti dúró bi ara wọn ní ìbéèrè ni mo ti máa ń ráyè sá fún ìgbátí.

Nígbà tó yá, Anti ní ó tó àkókò kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú ọkàn jókòó. Oníkálukú yóò gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀, yóò máa pè é nínú lọ́hùn-ún láìmi ètè, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọpẹ́ lásán ni èso àti òdòdó àti aṣọ funfun náà, ọpẹ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti ọwọ́ wọn wá. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé èyí fún mi. Ìyá mi ò fẹ́ kí ará àdúgbò rí ẹrù wa kí wọ́n má bàa máa sọ ohun tí kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ jù mí lọ nígbẹ̀yìn.

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Anti ni wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ náà. Ìyá mi wọlé, ilẹ̀kùn tì. Mo ń gbọ́ ohùn Anti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èdè náà ò yé mi. Nígbà tó ṣe, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Fátíhà ni mò ń kà ṣáá, mo kà á títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Nígbà tí ìyá mi jáde, ojú wọn tutù, ó sì ń dán bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ọsàn kan tí Anti dá padà ni wọ́n nà sí mi pé kí n jẹ. Mo dì í mọ́wọ́ délé, mo sì jù ú sínú ṣáláńgá.

Láti ọjọ́ kejì, bí ìyá mi bá ti kírun àsùbáà tán, wọn ò ní dìde lórí ẹní. Wọn á dijú, wọn á gbé ọwọ́ lé itan. Mo pè wọ́n: "Màámi." Wọn ò dáhùn. Èmi tí wọ́n máa ń dá lóhùn kí n tó pè tán! Mo rá pálá dé ọ̀dọ̀ wọn, mo na ọwọ́ sábẹ́ imú wọn bóyá wọ́n ń mí. Èémí náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n ò mọ̀ ọ́n lára, n kò tijú àtisọ ọ́, mo tọ̀ sára. Nígbà tí wọ́n lajú, mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ náà. "Ẹyin lọ̀rọ̀, Múlíkà," ni wọ́n wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá mi fi nǹkan pamọ́ fún mi. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì ń pọ́n mí fún ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀. Ohun tí n ò kà sí ni pé wọ́n ti ń rí oorun sùn lálẹ́.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo sá lọ bá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Mo ní, "Wọ́n ti mú màámi wẹgbẹ́. Èmi ni mo gbé ẹbọ náà dé Ìfọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn ò gbọdọ̀ sọ, tí wọ́n bá sì ti ń pè é, wọn kì í mí mọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, tí àwọn ọkùnrin ti mọ́ṣáláṣí dé, Ìyá Àgbà pe ìyá mi sí àárín agboolé. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n fún ọ ní Ìfọ́n?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ni. Kò sí aburú níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta ni."

"Ọ̀rọ̀ tí ò láburú, kí ló ń bò ó? Sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Bí o ò bá lè sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi ò ní bá ọ gbé yàrá kan náà mọ́."

N ò rò ó débẹ̀ rárá. Ìyá mi wò mí, wọn ò bínú, wọ́n kàn wò mí, wọ́n wá dúró díẹ̀ bí Anti ṣe kọ́ wọn. Mo mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn. Nígbà tí wọ́n dáhùn rẹ̀ tán nínú ara wọn, wọ́n la ẹnu, wọ́n sì pe ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, kò ní ìtumọ̀ kankan lédè wa. Adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá kànga ò tilẹ̀ gbórí sókè. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín: "Èyí náà ni? Mo mà ti dààmú o!" Gbogbo agboolé bá wọn rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣorin, wọ́n ń fi í pe ìyá mi bí wọ́n bá ń kọjá. Èmi náà bá wọn kọ ọ́, nítorí inú mi dùn pé wọn ò gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi.

Ìyá mi tún gbìyànjú láti máa pè é nínú bí ọ̀sẹ̀ kan, kò mú ọkàn wọn jókòó mọ́. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n ń ká ẹní. Anti ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lọ́wọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn sọ lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ìgbátí ì bá sàn fún mi.

Tíṣà ni mí ní Òṣogbo báyìí. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi ni àyà tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Anti Bọ́láńlé ti darúgbó, ṣùgbọ́n pálọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Mo bẹ ìyá mi pé kí a jọ lọ. Wọ́n ní, "Tèmi ti fọ́. Lọ gba tìrẹ." Àwọn ni wọ́n ṣẹ́ etí aṣọ funfun náà fún mi, ó wọ́, nítorí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo ẹni tí mo pàdé lójú ọ̀nà Ìfọ́n ni mo kí. Àwọn tó bèèrè ohun tí mo gbé, mo ṣí àpò náà hàn wọ́n.

Láàárọ̀ àná, mo jókòó sórí ẹní, mo dijú, mo ń pe tèmi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi lórí táìlì. Ó pè mí, n ò dáhùn. Ó tún pè. Lẹ́yìn náà mo mọ̀ ọ́n lára pé ìka kékeré kan wà lábẹ́ imú mi, ó tutù. Ọmọ tí mo jẹ́ níjọ́sí ò rí èémí kankan, ó sì sá lọ pariwo. Èmi tí mo di ìyá ò lajú, n ò sì sọ̀rọ̀. Mo mí sí ọmọ mi lọ́wọ́, mo mí gidi, títí ìka rẹ̀ fi gbóná.