Abẹ́rẹ́ Méjì fún Ẹsẹ̀ Múfútáù

Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí iná wà lára rẹ̀ ló ń sá fún abẹ́rẹ́. Múfútáù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń tún rédíò ṣe ní Ọjà Àlàbá. Irin gún un lẹ́sẹ̀, ó fi ìpara ra á, ó ń bá iṣẹ́ lọ, títí ẹsẹ̀ fi wú dé orúnkún tí kòkòrò àrùn sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré wa ní Okokomáíkò ni wọ́n gbé e wá. Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà.

Dókítà kọ oògùn méjì papọ̀ fún un, àmpísílììnì àti jẹntamáísìn, nítorí ohun tí ọ̀kan ò bá rí pa, èkejì á pa á. Sírínjì méjì nìyẹn, ọ̀kan ní ìdí ọ̀tún, ọ̀kan ní ìdí òsì. Mètírọ́ọ̀nù wa, ìyàwó sójà láti bárékè Ọ̀jọ́, kì í gba ẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn. Tó bá ti yọjú báyìí, Múfútáù á ti máa ké pe ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Mètírọ́ọ̀nù lọ tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún mi.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́," ni Múfútáù wí, "ṣé ẹ ò lè dà wọ́n pọ̀ ni? Ṣebí ara mi kan náà ni wọ́n ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo fa méjèèjì sínú sírínjì kan, mo gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdúrà tó ṣe fún mi, àfi bíi pé mo fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe aláàánú bẹ́ẹ̀.

Ara rẹ̀ ò yéé gbóná. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà ní tí kò bá yàtọ̀, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà. Mètírọ́ọ̀nù ti dé, mo bá a ní yàrá oògùn, mo jẹ́wọ́.

Kò pariwo. "Tí wọ́n bá jọ wà nínú sírínjì kan, àmpísílììnì á pa agbára èkejì. Oògùn kan lo ti ń fún un látọjọ́ yìí."

Ó mú mi lọ bá dókítà, ó ní àṣìṣe wáyé ní wọ́ọ̀dù òun, ó tọrọ ọjọ́ méjì. A padà sí abẹ́rẹ́ méjì, Múfútáù sì padà sí igbe. Kí ọjọ́ méjì náà tó pé, ara rẹ̀ ò gbóná mọ́, dókítà ò sì sọ ti gígé ẹsẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Mètírọ́ọ̀nù fẹ́ fẹ̀yìn tì. Múfútáù fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wọlé lọ́jọ́ ìdágbére, ó gbé rédíò kan lé mi lọ́wọ́.

"Sísítà yìí ló gba ẹsẹ̀ mi là," ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn. "Abẹ́rẹ́ kan péré. Màmá yìí ì bá ti fi méjì-méjì pa mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mètírọ́ọ̀nù náà rẹ́rìn-ín, kò tú àṣírí mi, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe tú u láti ọdún mẹ́jọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Múfútáù wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. Ó gba rédíò náà padà lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé e síwájú Mètírọ́ọ̀nù.

"Ọ̀kan péré?" ni Mètírọ́ọ̀nù wí. "Ìwọ náà mọ̀ pé méjì-méjì lèmi máa ń lò."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn nínú àpò rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́.