Rúlà Ọ̀gá Mi

Rúlà oníke kan wà lórí tábìlì mi tí mi ò fi fa ìlà rí. Ti ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fótò ní Ìgándò ni. Àwòrán ẹbí níwájú ilé ló mọ̀ ọ́n yà jù, kò sì sí onílé tó fẹ́ kí òpó ilé òun wọ́ nínú fótò. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà rẹ̀ a máa jẹ́ kí òpó wọ́, a ó wá fi kọ̀ǹpútà nà án. Tá a bá nà án tán, á gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà, á ní, "Ojú lè purọ́, rúlà kì í purọ́."

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ mi padà. "Òpó yìí ṣì wọ́ jàre." Mo yan orúkọ lẹ́ǹsì náà nínú sọ́fúwíà kí kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ nà án, ó ní ó ṣì wọ́. Mo fọwọ́ ara mi nà án, ó ní mo tún bà á jẹ́ sí i. Ó ra lẹ́ǹsì mìíràn, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Mo gbé rúlà lé òpó náà lójú kọ̀ǹpútà, ó gún régé. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó wò ó títí. Ó wá fi ìka tọ etí rúlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Ìka mi ní ó gún," ó wí. "Ojú mi ní rúlà náà wọ́."